Orúkọ tí stroke ń jẹ́ kí apá tó rọ

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ ṣeun fún èsì yín. Fún ẹni tí kò bá wa dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Kàbà níhìn-ín ní pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà, oṣooṣù la máa ń lẹ ìtàn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan mọ́ ọn. Lóṣù yìí mo mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Òṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. 1935 ni wọ́n bí i, 1995 ló kú. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá mi dúró, èyí tó sọ pé ó ṣèwádìí lórí stroke, lórí migraine, àti lórí àìsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè dúró dáadáa. Orúkọ Yorùbá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ fún mi ní mọ́kànlá, ẹ tún ń jà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀ ná. Ẹnì kan ní kí n kọ "àìsàn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì". Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Nídìí oúnjẹ, ọtí àti ọ̀rọ̀ ẹnu la ti ń lo ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọmọ tó bá kà á lára pátákó, bàbá rẹ̀ tó ń dá iyán èèyàn mẹ́rin jẹ ló máa rò pé à ń bá wí.

Òòyì ni àwọn tó pọ̀ jù nínú yín fara mọ́, ó sì dára dé àyè kan. Ẹni tí òòyì ń kọ́, ilé ló ń yí lójú rẹ̀. Inú etí ló sábà máa ń ti wá, níbi tí àwọn wóró kan bí iyanrìn ti lè ṣí kúrò ní àyè wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí Òṣuntókun kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Brain ní 1968, ilé ò yí lójú wọn. Ẹsẹ̀ ń jó wọn bí iná, ojú ń ṣú, etí ń di, ẹsẹ̀ wọn ò sì mọ ilẹ̀ mọ́. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pa ojú dé lórí ìdúró, ó di kó máa fì, kó fẹ́ ṣubú. Ohun tó tọ́ka sí ni ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, nítorí májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀. (Ìyá tó ń ta fùfú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé wa, nígbà tí mo kà á sí i létí, kò tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ó ní òun kì í yọ ẹ̀gẹ́ nínú omi kí ọjọ́ kẹrin tó pé, ẹni tó bá ń kánjú kó lọ ta bisikíìtì.) Tí mo bá wá pe tiwọn ní òòyì, irọ́ ni mo pa. Àìdúródéédéé ni mo fọwọ́ sí. Òòyì wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Migraine ni túúlu. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní túúlu ni ti ẹ̀fọ́rí tó ń dun egungun ojú nígbà tí imú bá dí, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ sì ń ta àgbo túúlu fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ní túúlu léèrè, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí ẹ̀bátí kan, kò ní lọ sí méjèèjì. Ibẹ̀ náà ni àwọn Gíríìkì ti mú orúkọ tiwọn tó padà di migraine, "ìlàjì orí" ló túmọ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́ ìlàjì, bẹ́ẹ̀ náà ni túúlu. Tí mo bá fi kún un pé ó lè gba wákàtí 4 dé 72, pé èébì lè máa gbé ẹni náà, pé kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí Òṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000 láti ilé dé ilé, nǹkan bí 5 nínú 100 ni wọ́n rí pé ó ní in. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn ìyá àgbà ní Igbó-Ọrà kò lè máa bi í léèrè migraine. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà ń sọ nílé ló máa fi bi í.

Ó wá ku stroke, èyí tó dájà sílẹ̀.

Rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ni rédíò ń pè é. Alàgbà tó kọ̀wé láti Ìsánlú ní ó ti sún mọ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jù, àrùn tí wọ́n ń kán oògùn sọ́mọdé lẹ́nu fún. Òótọ́ ni pé ọmọ nìkan ló yà wọ́n: rọ ọmọ ní apá, yọ ọmọ kúrò, ó di rọlápá. Ṣùgbọ́n etí wa kì í ṣi wọ́n gbọ́. Ẹlòmíì mú ẹ̀gbà wá látinú Mátíù orí 9, níbi tí wọ́n ti gbé ọkùnrin ẹlẹ́gbà wá lórí àkéte. Ẹ̀gbà kò bi wá léèrè ohun tó fà á, ẹni tó já lórí ọ̀pẹ náà lè di ẹlẹ́gbà.

Tèmi yàtọ̀ sí ti Alàgbà. Ohun tí àrùn náà fi sílẹ̀ ni rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ń dárúkọ. Kò dárúkọ ìgbà tó dé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gúnyán lówùúrọ̀ Sátidé kan, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣà á, ó tún bọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín náà sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ẹni tí òkèlè gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. A ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. A fi àdín pa á lápá, a ní kó lọ sùn. Ẹnì kan mẹ́nu ba rọlápá-rọlẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bú mọ́ ọn: "Apá dà tó rọ? Ṣebí ó ń gbé e sókè!" Òótọ́ ni, ó ń gbé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kò lè gbé e mọ́, ìgbà yẹn la tó gbà pé orúkọ àrùn náà tọ́ sí i, ìgbà yẹn la tó wá mọ́tò.

Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ọpọlọ. Láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fún un láìtíì ya àwòrán orí, torí irú èyí tí iṣan bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú sínú ọpọlọ, bákan náà ló ń rí lójú, oògùn yẹn á sì pa á lára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. A ò ní wákàtí kan tí a lè fi dúró de kí apá rọ kí orúkọ tó bá a mu.

Alàgbà wá ní "ìkọlù-ọpọlọ". Ó dùn létí, ó sì ní ìgbà nínú. Ṣùgbọ́n, bàbá mi, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ìkọlù ti nílé ọkọ: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé e níyàwó. Ẹ lọ sí ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì èyíkéyìí, ẹ gbọ́ iye ìgbà tí wọ́n máa dárúkọ ìkọlù ọ̀tá kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí mo bá lẹ ìkọlù-ọpọlọ mọ́ pátákó, orí òkè àdúrà ni wọ́n máa gbé aláìsàn lọ. Èmi náà ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n mọ́tò ni kó ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́kọ́ kó sínú ọ̀fìn yìí: láti nǹkan bí 1599 ni wọ́n ti ń pè é ní lílù tí ọwọ́ Ọlọ́run luni, ibẹ̀ ni stroke ti wá. Kí ló dé tí a ó fi lọ túmọ̀ àṣìṣe ẹlòmíì?

Ẹni tó ní àrùn ọkàn ni, kí n kọ ọkàn sí i: ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà á jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni jàǹbá náà ti ń ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti kó o kúrò lọ́dọ̀ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọpọlọ nínú ICD-11, ìwé ìpín-àrùn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022.

Mo ti sọ ọ́ tán nínú gbólóhùn yẹn, àbí? Jàǹbá. Jàǹbá iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ni àwọn Faransé náà ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ jàǹbá kì í lọ wá àdín, ṣe ló ń sáré. Nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa ti ta kò mí pé ẹni tó já lórí ọ̀kadà ni wọ́n máa rò pé jàǹbá ọpọlọ ṣe. Ó tọ̀nà, mo gbà fún un. Nítorí náà mo fi ẹ̀jẹ̀ sí i: jàǹbá ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ. Ó gùn, mo mọ̀. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ gùn jù ú lọ, kò sì sí ìyá ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kò ní kú, yóò máa jẹ́ orúkọ ohun tí jàǹbá náà fi sílẹ̀.

Ó tún bá iṣẹ́ Òṣuntókun mu. Ìwé àkọsílẹ̀ stroke tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ní Ìbàdàn láti 1973 sí 1975, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n ń kà síbẹ̀. Wọn kò ka gbogbo ẹni tí apá rẹ̀ ti rọ nígboro. Ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ nìkan ló máa gbà wá: nígbà tí àwọn olùwádìí Nàìjíríà àti Gánà túmọ̀ ìbéèrè mẹ́jọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí stroke ti ṣe rí sí Yorùbá, Hausa àti Akan, wọ́n tún ya àwòrán sí i. Èmi náà á ya ọmọ odó tó bọ́ lọ́wọ́ obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Bó ṣe wà báyìí nìyí: "Ó ṣèwádìí lórí jàǹbá ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tó ń fa rọlápá-rọlẹ́sẹ̀, lórí túúlu, àti lórí àìdúródéédéé." Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju jàǹbá lọ, kó fi ránṣẹ́ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.