Sẹ́lò 7/8 ni àbí 4/4, fún ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kéré?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Láti Kabba ni. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan nínú ẹgbẹ́ olórin ìjọ wa ń ta sẹ́lò 3/4 (sẹ́lò ni ohun èlò olókùn bíi fáólìn ńlá tí a ń jókòó ta; 4/4 ni ìwọ̀n kíkún ti àgbàlagbà, 7/8 kéré sí i díẹ̀, 3/4 tún kéré sí ìyẹn), ó sì fẹ́ fi jẹun lọ́la bíi àwọn gbajúgbajà atasẹ́lò, Guilhermina Suggia ará Potogí àti Jacqueline du Pré ará Gẹ̀ẹ́sì. (Ẹ̀bùn tí Suggia fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ni du Pré gbà ní 1956, ọmọ ọdún 11 péré!) Ṣùgbọ́n 3/4 ti há fún un, okùn C rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù, ò dún dénú.

Lórí 4/4 tí a yá, bó bá na ọwọ́ láti ohùn D dé ohùn F# lórí okùn C, ọmọńdinrín kì í débẹ̀. Ohùn F# á rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àtàǹpàkò á sì fún ọrùn sẹ́lò pinpin. A ti rẹ afárá (igi kékeré tó gbé okùn dúró) sílẹ̀ díẹ̀, a fa irin ìsàlẹ̀ tí sẹ́lò fi dúró lórí ilẹ̀ gùn sí i, a ní kó gbé ìgúnpá sókè, kí àtàǹpàkò máa bá ìka kejì rìn. Ìrora dín kù, F# ò tíì bọ̀ sípò.

7/8 ń wù mí, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n, títà rẹ̀ fún ẹlòmíràn lẹ́yìn náà le, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í dọ́gba lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́: okùn 4/4 máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 69 láti afárá dé òkè ọrùn, ti 7/8 yàtọ̀ síra.

Ṣé ká ra 7/8 báyìí, àbí ká fi 3/4 rọ́jú títí ọwọ́ rẹ̀ á fi tó 4/4?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.