Kí ló dé tí ètò backup kì í pín dátà dọ́gba sínú gbogbo fódà tí a fún un?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí ó ń tọ́jú dátà) tí mo ń bójú tó ní fódà mẹ́ta tí ètò backup, ìyẹn ètò tí ń ṣe ẹ̀dà dátà pamọ́, ń kó dátà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà lórí dísìkì tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tí ó ku nǹkan bíi 200 GB lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi dísìkì tuntun 8 TB kún un, mo sì fi fódà kẹrin sórí rẹ̀. Èrò mi ni pé ètò náà yóò kó díẹ̀ nínú dátà àtijọ́ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Dátà àtijọ́ kò kúrò lójú kan, ibi fódà kẹrin ni gbogbo èyí tí ó ń wọlé sì ń rọ́ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí backup ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé nǹkan kan ti bàjẹ́ ni? Ṣé ó sì bójú mu kí n dá fódà méjì sórí dísìkì tuntun náà kí ìpín lè pọ̀ sí i?

Ìdáhùn kìíní

Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ìgbà tí ètò backup bá fẹ́ kọ dátà sílẹ̀ nìkan ni ó máa ń yan fódà. Bí ó bá ti kọ ọ́ tán, yóò fi ibi tí ó wà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ṣí i nípò, ó ní láti kà á, kí ó tún un kọ, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, kí ó sì yí àkọsílẹ̀ náà padà. Iṣẹ́ ńlá ni, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ètò kì í fi ṣe é láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún wọn.

Ìlànà tí a fi ń yan fódà ló yàtọ̀. Nínú Commvault, tí í ṣe ètò backup kan, “fill and spill” ń kún fódà kan kí ó tó bọ́ sí òmíràn, nígbà tí “spill and fill” ń pín iṣẹ́ káàkiri gbogbo wọn. Nínú mergerfs, ètò tí ń so ọ̀pọ̀ dísìkì pọ̀ bí ẹyọ kan, “mfs” ń mú ibi tí àyè ti ṣófo jù, “pfrd” sì ń yàn bí ẹni ṣẹ́ kèké, àmọ́ ibi tí àyè pọ̀ sí ni ó máa ń mú jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò tiyín: àyè tí ó kù lórí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 600 GB lápapọ̀, ti ìkẹrin sì jẹ́ 8,000 GB. Kódà bí ètò náà bá ń pín in gẹ́gẹ́ bí àyè ṣe pọ̀ tó, nínú 100 GB tí ó bá wọlé, nǹkan bíi 93 ni yóò lọ sí fódà kẹrin. Dísìkì kan ṣoṣo ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí mẹ́ta ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni ó fà á tí ó fi ń pẹ́.

Ìdáhùn kejì

Mo fẹ́ fi kún un pé kí a má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ àwọn fódà kéékèèké tí ètò fúnra rẹ̀ ń dá. Restic, ètò backup mìíràn, ní 256 fódà nínú “data”, láti 00 títí dé ff, àmì méjì àkọ́kọ́ nínú hash SHA-256 (àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò láti inú fáìlì) ti fáìlì kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ èyí tí yóò wọ̀. Ìpín ibẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí pé hash kì í ṣe ojúsàájú. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí fáìlì má baà pọ̀ jù nínú fódà kan; kò ní ohun tí ó ń ṣe pẹ̀lú iye dísìkì.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá fódà méjì sórí dísìkì kan. Ètò náà yóò rí 8 TB nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò rò pé 16 TB ni òun ní, orí tí ó ń kàwé tí ó sì ń kọ̀wé nínú dísìkì yẹn yóò sì máa sá lọ sá bọ̀ láàárín ibi méjì.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí dátà bá ti wà ní fódà mẹ́rin, ààbò ti wà. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ètò yín bá ń yọ àwítúnwí kúrò, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú ègé dátà tí ó jọra, ègé dátà kan lè jẹ́ ti backup oṣù púpọ̀; bí dísìkì kan bá kú, gbogbo backup tí ó ní ègé níbẹ̀ ni yóò ní àléébù. Veeam, ètò backup mìíràn, jẹ́ kí a yàn: “data locality” ń fi backup ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ (ẹ̀dà gbogbo dátà) àti àwọn àfikún rẹ̀ (kìkì ohun tí ó yí padà lẹ́yìn rẹ̀) sí ibì kan náà, “performance” sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ibi tí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wà bá bàjẹ́ nínú èkejì yìí, àwọn àfikún rẹ̀ kò wúlò mọ́. Ẹ fi RAID (ìlànà tí ń so dísìkì pọ̀ kí dátà má baà sọnù bí ọ̀kan bá kú) sábẹ́ àwọn fódà náà, kí ẹ sì ní ẹ̀dà mìíràn sórí ẹ̀rọ mìíràn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi kó díẹ̀ nínú àwọn fáìlì àtijọ́ lọ sí fódà kẹrin?

Ìdáhùn kìíní

Rárá o. Àkọsílẹ̀ ètò náà yóò ṣì máa wá wọn níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, yóò sì sọ pé wọ́n ti sọnù. Bí ètò yín bá ní àṣẹ tirẹ̀ fún kíkó dátà láti fódà kan sí òmíràn, òun ni kí ẹ lò, ní àsìkò tí backup kò ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gbìyànjú àtidá fáìlì díẹ̀ padà lẹ́yìn náà. Bí kò bá ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀: bí ọjọ́ backup àtijọ́ bá ti ń pé, tí ètò náà sì ń pa wọ́n rẹ́, àyè yóò ṣí sílẹ̀ lórí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, dátà tuntun yóò sì tún máa lọ síbẹ̀.