Ìyá ọkọ mi fẹ́ máa rìn ní White Rock Lake, Dallas. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌbejì_Garland:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Dallas. Ìyá ọkọ mi ti dé láti Ìbàdàn, dókítà ní kí wọ́n máa rìn dáadáa, mo wá rò ó pé kí n máa mú wọn lọ sí White Rock Lake láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ara wọn le o, àmọ́ orúnkún máa ń dùn wọ́n díẹ̀. Ṣé wọ́n á lè rìn ín yí ká?

Adé_Mesquite:
Ẹ bá wa kí màmá káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rìn ín yí ká o, ó lé ní máìlì 9, bíi kìlómítà 15, èmi gan-an tí mo bá rìn ín tán ní Sátidé ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta. Apá gúúsù ni kẹ́ ẹ lọ, níbi dáàmù lẹ́bàá Garland Road, kí màmá wo bí omi ṣe ń dà gììrì lórí kọnkéré, kẹ́ ẹ rìn síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ sì padà, ó tó. Igi ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ ṣá, oòrùn oṣù keje ò mojú àgbà, ẹ tètè jí lọ.

Ọmọ_Ẹlẹ́yẹlé:
Màmá á gbádùn ibẹ̀! Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ní 1942 kí ará Ìbàdàn lè rómi mu, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dí odò White Rock Creek ní 1911 kí Dallas lè rómi mu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibòòji, apá àríwá lọ́nà Mockingbird Lane níbi tí odò ti ń wọlé ló dáa jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ lóru ẹ má débẹ̀ rárá, omi máa ń kún bo ọ̀nà. Tí màmá bá sì dúró di ìgbà òtútù, ẹ mú wọn lọ sí Sunset Bay lọ wo pelican, àwọn ẹyẹ funfun ńláńlá tó ní àpò lábẹ́ ẹnu, wọ́n máa ń pọ̀ níbẹ̀!

Adé_Mesquite:
Mo fẹ́ gbàgbé, àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń sáré gan-an níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí màmá máa rìn, kẹ́ ẹ̀yin wà lápá òsì wọn, torí wọ́n á kàn pariwo "on your left" lẹ́yìn èèyàn ni, àgbàlagbà lè má tètè gbọ́.

ÌyáÌbejì_Garland:
Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. Níbi dáàmù la ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé yìí, aago mẹ́fà ààbọ̀, ta ló máa bá wa rìn?