Re: "Oje to n gba koropon lowo oje"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó. Bọ̀dá kan fẹ́ túmọ̀ àkọlé ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe sí Yorùbá, pé ohun tí wọ́n yọ lára ewé ("extract") ń gba kórópọ̀n lọ́wọ́ òjé. Gbólóhùn tó kọ sókè yìí pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bí mi nínú. Kò fi àmì kankan sí i. Èwo ni oje ewé níbẹ̀, èwo ni òjé inú bátìrì mọ́tò? Òògùn àti májèlé wá di ọ̀kan náà lójú ìwé.

Oje gan-an kọ́ ni wọ́n ń fún àwọn eku yẹn mu ní láàbù. Ohun tá a fún jáde lára ewé tútù loje. Àwọn tó ń ṣèwádìí orógbó n'Ìbàdàn, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà, kẹ́míkà yẹn á fẹ́ lọ, á wá ku ohun tí wọ́n ń pè ní kolaviron. Ìyá àgbà mi ń rẹ egbò igi sínú ògógóró, àgbo ló ń pè é, kò sẹ́ni tó bá a jà. Kí ló wá ṣe àgbo tá ò fi lè lò ó fún "extract"?

"Àjẹsára" tí ẹlòmíì dábàá fún ohun tó ń dáàbò boni ńkọ́? Tí eku bá ti jẹ orógbó kí káàdímíọ̀mù, májèlé bí òjé, tó wọ ara ẹ̀, mo gbà. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí kórópọ̀n ti bàjẹ́, tí àtọ̀ ti dín kù, ẹ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe àjẹsára mọ́. Eku ni mò ń sọ o, kẹ́nikẹ́ni má lọ fi orógbó dáàbò bo sìgá tó ń fà, káàdímíọ̀mù wà nínú èéfín ẹ̀.

"Irin wúwo" tí wọ́n fi túmọ̀ "heavy metal", ìyẹn òjé àti irú ẹ̀, ló burú jù. Ta ló ní irin ni òjé? Irin ni t'Ògún, idẹ ni t'Ọ̀ṣun, òjé ni t'Ọbàtálá, ẹ wo ọwọ́ àwọn olórìṣà. Ẹnì kan ní bàbà náà irin ni, pé olùkọ́ òun ní yunifásítì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kí olùkọ́ yẹn. Kí sì ni ti wúwo? Wúrà wúwo ju òjé lọ fíìfíì. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òkúta wúrà ni wọ́n ń fọ́, òjé inú ẹ̀ ló pa ọmọdé tó lé ní 400. Oró ló ń ṣeni, kì í ṣe ìwúwo. "Àlùmọ́ọ́nì olóró" ni tèmi, ẹni tó bá ní "àlùmọ́ọ́nì" kì í ṣe Yorùbá torí ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, kó kọ́kọ́ yọ "àlùbọ́sà" kúrò lọ́bẹ̀ ẹ̀ ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.