Àbọ̀ Lórí Fọ́tò Apẹja Etí Ọ̀sà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ní kí n jábọ̀ fún yín kí n tó pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ rántí fọ́tò apẹja tí mo yà ní etí ọ̀sà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, tí ẹ sọ pé àwọ̀n tó ń jù kò hàn gaara, àti pé Afárá Third Mainland tó wà lẹ́yìn gba ọrùn rẹ̀ kọjá bí ọ̀bẹ. (Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.) Mo padà lọ ní ìdájí Sátidé. Kí àwọ̀n tó ń fò lè hàn gaara, mo gbé ìyára kámẹ́rà (ìyẹn bí àkókò tí ojú rẹ̀ fi ń ṣí sílẹ̀ ṣe kúrú tó) kúrò ní ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá sí ìdá kan nínú 500, mo gbé ISO (ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fura sí ìmọ́lẹ̀ tó) sí 800 kí àwòrán má ba à ṣókùnkùn, mo sì kúnlẹ̀ lẹ́bàá omi, nítorí pé bí kámẹ́rà bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni orí ẹni tó wà nítòsí ń yọ ju ohun tó wà lókèèrè lọ. Ọrùn ti bọ́ lọ́wọ́ afárá. Ojú àwọ̀n sì ṣeé kà. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí n kò gbà ni pé kí n sọ ọ́ di dúdú àti funfun, torí àwọ̀ oòrùn òwúrọ̀ yẹn gan-an ló lé mi kúrò lórí ibùsùn. Ẹ ṣeun púpọ̀. N kò ní ìbéèrè mìíràn lórí fọ́tò yìí.