Níbo ni mo ti lè rí bátànì p3?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá a. Mò ń kó àpẹẹrẹ jọ nílé àti lọ́jà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń kọ́ nípa kírísítà, ìyẹn ohun líle tí átọ́mù inú rẹ̀ tò ní bátànì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Fedorov, onímọ̀ kírísítà ará Rọ́ṣíà, ti fi hàn ní 1891 pé oríṣi 17 péré ni bátànì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí ojú pẹrẹsẹ. Táìsì rọrùn, afárá oyin náà rọrùn. Ọ̀kan nínú oríṣi 17 yẹn, tí wọ́n ń pè ní p3, ló ń dà mí láàmú: yí i ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìyípo, kò yàtọ̀, gbé dígí tì í, kò bára mu mọ́. (Ẹ má wulẹ̀ wá èyí tó ń yí ní ìdá márùn-ún o, kò sí láàárín wọn.) Ṣé ẹnì kan ti rí i lára àǹkárá, ìntalọ́ọ̀kì àgbàlá tàbí irin fèrèsé? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán gan-an, kó má dagun.