Ìrírí wa nídìí ìdúnàádúrà lórí ìsinmi àìsàn àjọpín ní yunifásítì

Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, ọmọ ìgbìmọ̀ ìdúnàádúrà ẹgbẹ́:

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jókòó ti àwọn aláṣẹ lórí ìsinmi àìsàn àjọpín, ìyẹn kí òṣìṣẹ́ lè fi wákàtí ìsinmi tó lówó nínú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ń ṣàìsàn, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín sí: ẹ jà kí wákàtí ìsinmi náà wà nínú àpò kan tó jẹ́ ti gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ má gbà kó jẹ́ ohun tí ẹnìkan ń ta ẹnìkan lọ́rẹ.

Ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìtọrẹ ló wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn tí wákàtí tirẹ̀ sì tán, wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ káàkiri pé kí ẹni tó bá lójú àánú yọ̀ǹda nínú tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, wákàtí ya wọlé fún un ju èyí tó lè lò lọ. Ìyá kan tó ń nu yàrá àyẹ̀wò lóru ní jẹjẹrẹ, díẹ̀ báyìí ni wọ́n rí kó jọ fún un, nítorí ta ló mọ̀ ọ́n? Ìgbà tó bá ń ṣíwọ́ ni àwa tó kù ń jí. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìtọ́jú kò tíì parí, ó ń fọwọ́ ti ògiri rìn. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Àwọn kan á ní ṣebí òfin wà. Òfin FMLA, òfin ìsinmi nítorí ìdílé àti àìsàn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1993, fún èèyàn ní ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dún láìjẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí agbanisíṣẹ́ sanwó fún àkókò náà. Ẹni tí kò bá sì tíì lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí kò ṣe tó wákàtí 1,250 láàárín ọdún tó ṣáájú, kò sí níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí a jókòó, ọ̀rọ̀ ìnáwó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. A ò bá wọn jiyàn, àkọsílẹ̀ la béèrè. Ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé tó kan ohun tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dù yín. Ibẹ̀ la ti rí i pé wákàtí tí àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ kò lò ń ṣègbé ni. A ní kí wọ́n máa dà á sínú àpò. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Èyí tó gbà wá lákòókò jù ni ti ìwé dókítà. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ka máa kà á kó tó buwọ́ lù ú. A kọ̀ jálẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ kí ọ̀gá tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀wò mọ̀ pé àárẹ̀ ọkàn ló ń bá òun fínra, tàbí pé oyún bàjẹ́ lára òun? Ohun tó wà nínú àdéhùn báyìí ni pé ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ àti aláṣẹ jọ yàn ló ń gbé ìbéèrè yẹ̀wò, wọn kì í rí orúkọ ẹni, wọn kì í rí orúkọ àìsàn. Kí dókítà ṣáà ti kọ ọ́ pé ẹni náà kò lè ṣiṣẹ́, àti títí di ìgbà wo.

Akọ̀wé ní ẹ̀ka ìṣirò owó:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú. Tiwa yàtọ̀ níbì kan. Wákàtí kan fún wákàtí kan ni ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ fẹ́, nítorí kò nira láti ṣàlàyé. Nígbà tí a wá jókòó ṣírò rẹ̀, a rí i pé bí a bá fi owó díwọ̀n rẹ̀, wákàtí kan tí ẹni tó ń gba dọ́là 60 ní wákàtí fi sílẹ̀ á di mẹ́ta fún ẹni tó ń gba dọ́là 20. Òdìkejì rẹ̀ náà wà o: wákàtí tí ẹni tó ń gba dọ́là 20 bá fi sílẹ̀ á di ogún ìṣẹ́jú péré fún ẹni tó ń gba dọ́là 60. Àwọn kan bínú sí èyí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n níbi tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn tí owó wọn pọ̀ ni wákàtí ti ń ṣẹ́kù, àwọn tí owó wọn kéré ló sì ń ṣàìsàn láìní èyí tí wọ́n á fi sinmi. Owó la fi díwọ̀n, inú mi sì dùn sí i.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò:

Àpò yìí ló gbé mi ró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó jà fún un. Ẹ tètè sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé wọ́n máa ń yọ owó orí nínú ohun tí èèyàn bá gbà. Láti 1990 ni IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti là á kalẹ̀ pé, bí ètò náà bá jẹ́ ti ìṣòro ìlera pàjáwìrì, ẹni tó gbà á ló ń san owó orí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fi wákàtí sílẹ̀.

Ibi tó kù tó ń dùn mí ni ti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń gbà ní sáà sí sáà. Bí àdéhùn wọn bá ti parí, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo nìyẹn, wọn kì í sì í pé iye oṣù tí èèyàn gbọ́dọ̀ lò kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí àpò náà. Àdéhùn wa máa tó tún ṣe láìpẹ́. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n máa ka gbogbo sáà tí olùkọ́ bá ti ṣe pọ̀ mọ́ ara wọn.